Wọn Ò Sọ Ilé Ta Ni

Búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù, ọdún mọ́kànlá.
Bí ìjọba bá san owó oṣù, ògiri a ga sí i;
bí wọn ò bá san án, koríko a ga ju ògiri lọ.
Báyìí ni èmi, olùkọ́ àgbà nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
ṣe di onílé ní Òkédayọ̀, ní Kàbà.

Ìgbà tó yá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì dé bí eéṣú.
Yàrá tí ewúrẹ́ Màmá Mejabí ń sùn,
wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n pè é ní sẹ́fúkọ̀n.
Ilé tí wọ́n ń fi mílíọ̀nù márùn-ún bẹ̀ mí wò lésìí
bí ẹni tó ń ṣàánú,
Ọ̀gbẹ́ni Medúpìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà,
ó ní òun á san méjìdínlógún.
Mo ní kó jókòó. Ó ní òun ò jókòó.
Ẹni tí kò fẹ́ jókòó, owó rẹ̀ ti dìde.

Bósẹ̀dé ìyàwó mi dákẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.
Lọ́jọ́ kẹrin ó ní, "Ilé ni àbọ̀ sinmi oko."
Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tó pa á lówe,
wọn ò sọ ilé ta ni."
Mo dojú ìwé ìdánwò àtijọ́ dé,
mo fi owó ilé ọdún kan pín owó Medúpìn:
àádọ́rùn-ún ọdún!
Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí.
Bí Ọlọ́run tilẹ̀ gbàgbé mi sáyé,
màá ṣì rí nǹkan fún láńlọ́ọ̀dù.

A kó lọ sọ́dọ̀ Ilésanmí ní Katú,
ọmọ tí mo nà nígbà kan torí pé ó pẹ́ dé ilé-ìwé.
Òun ló ń dúró dè mí báyìí bí ọdún bá pé.
"Okun o, sà." Á tẹríba díẹ̀, á tẹ́wọ́ púpọ̀.
Àkọ́rọ̀ òjò já páànù, mo fò dìde, mo ń wá bàsíà,
mo wá rántí pé páànù mi kọ́. Mo padà sùn.
Omi ò gbọ́ àlàyé. Ó kán sí mi níwájú orí.

Wọ́n ní mo ta ogún. Ogún ta ni?
Ilé bàbá mi wà ní Ìyàrá, amọ̀ ni, ó ṣì dúró,
ẹbí tó ni ín pọ̀ ju igi àjà rẹ̀ lọ.
Èyí tí mo tà, òógùn ara mi ni.
Ta ní í bi ẹni tó làágùn níbi tó nù ún sí?

Lọ́dún kejì, akẹ́kọ̀ọ́ dínkù,
pátákó ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ hù bí olú lójú pópó.
Àwọn tó fi mí ṣẹ̀sín wá ń bi mí bí mo ṣe mọ̀.
N ò mọ̀. Apá ló ń ro mí, kànga sì jìn.

Ohun tí kò sí nínú ìwé àdéhùn nìyí:
lóru, ọwọ́ mi ṣì ń wá súìṣì lápá òsì.
Ọ̀tún ló wà.
Igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ńkọ́?
Abẹ́ rẹ̀ la ri ìwọ́ Tolúwalàṣẹ mọ́, àbíkẹ́yìn wa.
N ò ṣírò ìyẹn mọ́ owó.

Lánàá, ọmọdé kan gbé abọ́ ọsàn kọjá.
Mo bi í níbi tó ti ká a. Ó nawọ́ sí Òkédayọ̀,
ó ní ilé Ọ̀gbẹ́ni Medúpìn.
"Mẹ́ta, igba náírà."
Mo ní ó wọ́n. Mo sanwó.
Bósẹ̀dé bó ọ̀kan, ó fún mi ní ìlàjì, a ò sọ̀rọ̀.
Ó kan,
bó ṣe máa ń kan látọjọ́ tí a ti gbìn ín.
Igi yẹn ò tíì gbọ́ pé a ti tà á.