Ohun Tí Mo Sun, Abẹ́ Rẹ̀ Ni Mo Ń Sùn

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi la gẹdú ní Òkobàbá.
Ayùn ń ké, pákó ń bọ́,
lẹ́búlẹ́bú igi ń dà sílẹ̀ bíi gaàrí tí kò lẹ́ni tí yóò bù ú.
Nírọ̀lẹ́, èmi ni mo máa ń ṣáná sí i.
Èéfín a gba orí ọ̀sà lọ,
a kọjá lábẹ́ afárá gígùn,
a tún padà wá bá wa lójú oorun,
àwọn ọmọ a wúkọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.
A ní, "Kí la fẹ́ fi í ṣe? Pàǹtí ni."

Ilé tí mo fi owó gẹdú kọ́ ní Ẹ̀bútè Mẹ́tà,
páànù ni mo fi bò ó, páànù lásán,
àjà rẹ̀ kò nípọn ju èèpo àlùbọ́sà lọ.
Bó bá di aago méjì ọ̀sán,
alángbá pàápàá kì í dúró lórí òrùlé mi:
á gbé ẹsẹ̀ kan, á gbé èkejì, á bẹ́ sílẹ̀.
Fáànù ń yí, ooru kan náà ló ń bù fún wa.
Mo ra káàdì iná lọ́jọ́ Ajé, kò bá mi dé Jímọ̀.

Ìbídùn ló wá kó ìyọnu dé,
ọmọ tí mo rán lọ síléèwé ní Yábàá.
Àpò méjìlélógún ló kó wálé:
lẹ́búlẹ́bú igi kún mẹ́rìnlá,
irun àgbọn ló wà nínú ìyókù,
tó ṣà lẹ́yìn àwọn tó ń ta àgbọn ní Òyìngbò.
Ó ní òun fẹ́ rọ ọ́ sáàárín páànù àti àjà.
Mo ní, "Lórí ta? Lórí èmi?
Èmi tí mo mọ bí nǹkan yìí ṣe ń gbaná,
tí mo ti rí i tó ń jó lábẹ́nú fún ọjọ́ mẹ́ta
tí òkè rẹ̀ tutù bí ẹni rere?"

Kò bá mi jiyàn.
Ó ti rẹ ẹ́ sínú omi bóráàsì mọ́jú,
ó ti fi epo dóńgóyárò pa á lára nítorí ikán,
ó ti sá a lóòrùn títí ó fi gbẹ.
Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sórí àwo, ó na ìṣáná sí mi.
"Bàbá, ẹ sun ún. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sun."

Mo ṣá ọ̀kan. Mo ṣá ìkejì.
Ìkẹta jó mi níka.
Ó dúdú létí, ó rú èéfín díẹ̀, ó kú.
Ojú tì mí, n kò mọ ìdí;
ó dà bí ẹni tí mo ti ń lù láti ọjọ́ pípẹ́
tó wá di ọwọ́ mi mú, tí kò lù mí padà.

Ìyá Mufúlíátù wá wo bí wọ́n ṣe ń rọ òrùlé bí ìrọ̀rí.
Ó rántí ìrọ̀rí òwú àràbà ìyá tirẹ̀ ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó,
ó ní, "Ilé náà yóò kúkú sùn lọ ni."
Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.
Lọ́jọ́ karùn-ún, ọ̀sán gangan,
ó gbé àga wá sí pálọ̀ mi, kò sọ ohun tó bá wá,
ó ń bó ẹ̀gúsí,
kò sì làágùn.

Jímọ̀ kejì ti dé, káàdì ọjọ́ Ajé ò tíì tán.
Lálẹ́, mo ṣì ń gbóòórùn iná láti ọ̀nà ọ̀sà:
òrùlé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sun yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó dùn mí.
Òjò rọ̀ lánàá, n kò gbọ́.
Òjò orí páànù tó ń bá mi sọ̀rọ̀
láti ìgbà tí ìyá Ìbídùn ti wà láyé,
ó wá, ó lọ, kò kàn mí lára.
Àfìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn
tí mo rí bùbá mi lórí okùn,
tó ń kán tó, tó, tó.
Mo dúró tì í. Mo ń gbọ́ ọ.