Ikọ́ Inú Orin

Lábẹ́ àjà ilé wa ní Búfálò,
níbi tí òtútù ti ń wọlé bí ẹni wá sin owó,
mo rí àpótí bàtà kan tí wọ́n fi okùn dì.
Rólù ìda mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀,
ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọọrọ bí ife tí kò nídìí,
àti ìwé àkọsílẹ̀ Lemuel Starkweather,
àbúrò ìyá tó bí ìyá mi.

Akọ̀wé rélùwéè ni lọ́sàn-án,
ó ń ka àpò ọkà, ó ń ka màlúù tó ti Ṣikágò dé.
Lálẹ́, ó ń ka sílébù lórí ìka:
díẹ̀ fún ìfẹ́, díẹ̀ fún ìyá arúgbó tó dúró lẹ́nu ọ̀nà,
díẹ̀ fún ọmọ ogun tí kò padà.
Ohun tí ọjà ń fẹ́ lọ́dún náà nìyẹn:
omijé, pẹ̀lú ègbè tí ọmọ tó ń ta ìwé ìròyìn lè fi súfèé.

Dọ́là márùn-ún lorin kan.
Ó tà á, ó fọwọ́ síwèé, ó parí.
Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò;
ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yọ owó lápò gbogbo ìlú,
owó náà kò mọ ọ̀nà Búfálò.

Orin méjìléláàádọ́fà ló wà nínú ìwé.
Mọ́kànlá péré ló dé inú ìda.
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan ó kọ ọ́: “Wọ́n yí ìlà kẹta padà. Ó burú.”
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn: “Mo ra bàtà.”
Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkeje, kò kọ nǹkan kan,
ó kàn fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀ nígbà náà.
Kò sí ẹ̀rọ tí yóò sọ ọ̀kan di ẹgbẹ̀rún.
Olórin á dúró níwájú ìwo irin,
á kígbe sínú rẹ̀ bí ẹni ń pe èrò òdìkejì odò;
á kọ ọ́ tán, wọ́n á pààrọ̀ ìda, á tún un kọ,
ogójì ìgbà lójúmọ́,
títí ìbànújẹ́ inú orin á fi di iṣẹ́ àgbàṣe.
August Pfohl lorúkọ olórin yìí,
ikùn rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ.
Kó tó bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan á kéde
orúkọ orin, orúkọ Pfohl, orúkọ ilé-iṣẹ́.
Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ dà?
Ó wà nínú yàrá náà. Ó gbàyè lẹ́nu iṣẹ́,
ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù, ó di fìlà rẹ̀ mú.

Rólù kìíní ti bu funfun bí búrẹ́dì ọlọ́sẹ̀ méjì.
Èkejì bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ẹyin lohùn: àfiwé lásán ni mo pè é tẹ́lẹ̀.
Mo fi ìkólẹ̀ kó o.

Ẹ̀kẹta, ìkeje inú ìwé,
mo gbé e lọ bá Wanda Zielonka
tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ àti ẹ̀rọ orin ṣe.
Ó ní, “Bí o ṣe ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń pa á.
Abẹ́rẹ́ ń jẹ ẹ́.”
Ìda ni, kì í ṣe idà.

Ariwo kọ́kọ́ jáde, bí ọ̀rá tí ń ta nínú páànù,
lẹ́yìn náà ni Pfohl:
“Má tìlẹ̀kùn, Clara, yìnyín ló dá ọkọ̀ ojú irin dúró.”
Láàárín ẹsẹ kejì àti ègbè,
ẹnì kan wúkọ́.
Kékeré. Bí ẹni fọwọ́ bo ẹnu, tọ́wọ́ pẹ́ kó tó dé.
Pfohl kò dúró. Bóyá ìgbà kejìdínlógójì ni,
ó ti rẹ gbogbo wọn. Wọ́n tà á bẹ́ẹ̀.

Ìyá ìyá mi máa ń ní ikọ́ yẹn ló pa á
lọ́dún méjì lẹ́yìn náà, lẹ́ni ọdún mọ́kàndínlógójì.
Kò sọ ẹni tí Clara í ṣe.
A ò ní Clara nínú ẹbí.

Wanda gbé abẹ́rẹ́ sókè. “Ṣé ká tún un gbọ́?”
Mo ní rárá. Mo ní ó dìgbà míì.
Nínú ọkọ̀, bí mo ti ń rọra wà á lọ sílé nínú yìnyín,
mo rí i pé orin náà ni mò ń fi súfèé,
mo sì dánu dúró níbi tó ti wúkọ́,
mo fi àyè sílẹ̀ fún un.