Máàkì Kan

Máàkì kan ṣoṣo ló kù kí ìwé ẹ̀rí oníwúrà tó tẹ̀ wá lọ́wọ́.
A ti ka omi ilé ìwẹ̀ ní lítà ní lítà, a ti ka iná,
a ti gbé páńẹ́ẹ̀lì sórí òrùlé kó máa lá oòrùn,
oòrùn Winnipeg tó ń yọjú bí onígbèsè lóṣù Kejìlá.
Ilé ìkàwé létí odò, dígí láti ìsàlẹ̀ dókè,
"ilé tí kò ba ayé jẹ́": bẹ́ẹ̀ la kọ ọ́ sára pátákó.
Sigrun Bardal tó ya àwòrán ilé náà tẹ ìka mọ́ ìlà tó ṣófo:
Àrà tuntun. Kí lẹ dá tẹ́nìkan ò dá rí?
Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n? Ẹ̀rí dà?

Èmi ni mò ń kọ fọ́ọ̀mù. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́.
Mo dábàá ọgbà olú nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín.
Mo dábàá kẹ̀kẹ́ ọ̀fẹ́. Wọ́n ní ilé mẹ́ta ti fìyẹn gba máàkì ṣáájú wa.
Àrà tí ẹni mẹ́ta ti dá, àṣà ni.

Luzviminda ń nu tábìlì lọ́wọ́.
Aago mọ́kànlá òru ló máa ń wọṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń bi í ní nǹkan kan.
Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa bá mi kó ẹrù mi kúrò nínú fíríìsà yín?"

Fíríìsà àwa òṣìṣẹ́, lábẹ́ áísìkiriìmù ọjọ́ ìbí ẹnìkan:
àpò bébà kéékèèké, mọ́kànlélọ́gọ́ta,
ọjọ́ àti wákàtí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ìhà ilé tó ti ṣa á lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ẹyẹ.
Ológoṣẹ́ ọlọ́fun funfun.
Ẹyẹ kan tí ikùn rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè.
Àkókó kékeré tí ahọ́n rẹ̀ ṣì yọ síta;
kò wúwo ju lẹ́tà lọ lọ́wọ́ mi.

A máa ń sọ nílé pé
ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra.
Bẹ́ẹ̀ ni. Àfi tẹ́nìkan bá da ojú ọ̀run kọ sára dígí,
tó kó ìkùukùu sí i, tó kó igi sí i,
tó sì pè é ní ẹwà.
A tún ní ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀.
Òkò tiwa ò bọ̀ rárá. Ó dúró sójú kan,
alájà mẹ́fà. Ẹyẹ ló ń lọ bá a.

Sigrun ò sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nídìí fíríìsà,
ó ń to àpò ní ìhà ìhà:
ìlà oòrùn, mẹ́rìnlá; àríwá, mẹ́jọ;
gúúsù, mọ́kàndínlógójì.
Òun ló yan dígí gúúsù.

Nígbà tí yìnyín yọ́, a lẹ àmì tóótòòtó mọ́ dígí,
ìka mẹ́ta láàárín àmì sí àmì,
títí gbogbo ilé fi dà bí ìyẹ́ ẹtù.
Ọ̀gá owó ní ó ba ojú ilé jẹ́.
Luzviminda ní, "Lójú ta?"

Ewé tún wọ́. Mẹ́rin péré.
Mo kọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, mo kọ mẹ́rin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ní "orúkọ àti ipò olùdábàá", kọ̀mpútà to àwọn ipò tó mọ̀ sílẹ̀:
ayàwòrán-ilé, ẹnjiníà, agbaṣẹ́ṣe, agbaninímọ̀ràn.
Kò mọ agbálẹ̀. Mo yan agbaninímọ̀ràn,
mo sì tẹ Luzviminda Abrenica, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn,
kí n má baà ṣì í kọ.

Wọ́n fún wa ní máàkì náà. Ọ̀kan.
Wọ́n kan àwo wúrà mọ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n gé kéèkì.
Luzviminda ò wá; ọ̀sán ló fi ń sùn.

Mo tètè dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù ń já mi létí jẹ.
Mo rí i tó ń yí ilé po, ojú ẹ̀ wà nílẹ̀, àpò bébà lọ́wọ́ ẹ̀.
Mo dúró. Mi ò fẹ́ bèèrè.
Ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ṣí àpò náà,
ó mú búrẹ́dì jáde, ó bù ú sí méjì.