Lórí Sàréè Bàbá Àgbà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fìwé ìbéèrè ránṣẹ́ láti Kúpáńgì,
tẹ́ ẹ ní ká mú nọ́ńbà kan, láti oókan dé àárùn-ún:
"Ẹ̀kọ́ orí ayélujára rọrùn fún mi."

Ilé wa wà lábẹ́ òkè Inerie.
Lọ́dún tí Kòrónà lé wa kúrò ní yunifásítì,
ibi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ti ń fojú hàn
ni orí sàréè bàbá àgbà níwájú ilé,
lórí táìlì funfun tí Màmá ń nù ní Sátidé.
Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ìṣirò owó,
ẹsẹ̀ mi lórí orúkọ rẹ̀.
Bí òjò bá dé, Wensi àbúrò mi á gbé agboòrùn,
á máa kùn pé apá ń ro òun.

Ọ̀gá Damianus á máa sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á dì,
ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ bí ẹja inú agbọ̀n.
Kó tó padà dé,
wọ́n ti pe orúkọ mi kọjá.

Ẹlẹ́dẹ̀ tí à ń tọ́jú de ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi,
a tà á, a fi ra dátà.

"Ṣé o fara mọ́ ọn?"
Ẹni tójò lé wọ ahéré,
ṣé ahéré ló wù ú ni?

Síbẹ̀, èmi tóhùn mi máa ń gbọ̀n ní gbọ̀ngán,
mo fìka tẹ ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì,
wọ́n sì dá mi lóhùn.
Mo mú ẹẹ́ta.

Bàbá àgbà tí kò mọ̀wé rárá
ti gbọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ náà tán.
Ẹ ò fàyè tirẹ̀ sílẹ̀.