Lábẹ́ Igi Ọ̀pọ̀tọ́

Bánítù, má wòkè. Ilẹ̀ ni kí o wò.
Ojú tó bá bá oòrùn figagbága, omi ni yóò máa dà títí alẹ́.
Bàbá ìyá rẹ ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀, nínú ọgbà alùbọ́sà
tó wà lẹ́yìn odi Nínéfè,
níbi tí Hídẹ́kẹ́lì ti ń yà wọ inú kòtò.

Ìgbà àkọ́kọ́, mi ò tíì yọ ọmú.
Ẹnìkan kàn bu oòrùn jẹ létí,
bí ọmọ tó jí àkàrà báálì lórí ààrò.
Ojú ọjọ́ ṣú díẹ̀, ewúrẹ́ ò tilẹ̀ dẹ́kun àtijẹ.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́,
gbogbo ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá láàárín ewé
ju dòjé kékeré sílẹ̀, dòjé lórí dòjé,
àfi bí ẹni pé olùkórè gbàgbé irinṣẹ́.
Mo fẹ́ ṣà wọ́n. Ọ̀kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò wúwo.

Ìgbà kejì, oyún ìyá rẹ wà nínú mi.
Òṣùpá wọ àárín oòrùn pátápátá, kò sì lè bò ó tán;
bí ọmọrí tí wọ́n gbé lé ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀,
iná ń yọ létí yíká.
Lábẹ́ igi, òrùka. Òrùka ní gbogbo ilẹ̀.
Nárgì na ìka mi sí ọ̀kan, ó ní, "Mo ti ra tìrẹ,"
àwa tí a ò lówó òróró àtùpà.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín ọ̀hún nígbà míràn, lóru.

Ìgbà kẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn ń bi mí.
Dòjé kọ́kọ́ dé, ó tín-ín-rín, ó dà bí irun ìpéǹpéjú,
lẹ́yìn náà ilẹ̀ ò ní nǹkan kan mọ́.
Mo rú òfin rẹ̀: mo wòkè.
Oòrùn ti di ihò. Irun funfun hù yí ihò náà ká.
Ẹyẹlé wọlé sùn. Òtútù gba abẹ́ aṣọ mi.
Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ aládùúgbò kúnlẹ̀, ìràwọ̀ yọ lọ́sàn-án gangan.
Kò pẹ́ ju kí ènìyàn bó alùbọ́sà mẹ́rin lọ.

Àwọn akọ̀wé ààfin tẹ amọ̀, wọ́n ní ọba yóò kú.
Wọ́n ní ìràwọ̀ ńlá kan wà, ti olúwa àwọn òrìṣà;
ká ní ó yọ ni, ewu ìbá fo ọba dá.
Wọ́n ní kò yọ.
Wọ́n wá ń wá ẹni tí yóò bá ọba kú ikú rẹ̀.

Mo rí i, Bánítù.
Ó wà lórí òrùlé apọntí, ó funfun báláú, kò ṣẹ́jú.
Ta ní ń bi ìyàwó ológbà ní ọ̀rọ̀ ìràwọ̀?

Wọ́n wẹ Nárgì. Wọ́n yọ ilẹ̀ kúrò nínú èékánná rẹ̀.
Wọ́n dé e ládé, wọ́n mú wúńdíá kan jókòó tì í,
ọmọ ọlọ́mọ, ẹ̀rù ń bà á ju èmi lọ.
Ọba gan-an sá pamọ́, "àgbẹ̀" ni wọ́n ń pè é.
"Sí àgbẹ̀, olúwa mi": bí lẹ́tà wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Àgbẹ̀!
Tí kò mọ ìgbà tí òùngbẹ ń gbẹ alùbọ́sà.

Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni wọ́n pè é; kò pé.
Ọkùnrin kan wá nírọ̀lẹ́, ó ní ọba ti lọ bá àyànmọ́ rẹ̀.
Ọba wo? Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì.
Ó gbé fàdákà sórí àkéte, ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Alùbọ́sà tó gbìn hù. Mo jẹ wọ́n. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ó yá, ó ti bẹ̀rẹ̀. Dòjé kan ti bọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ.
Ilẹ̀ ni kí o wò, mo ní.
Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣófo, gbójú sókè kíá,
wá ìràwọ̀ yẹn lórí òrùlé apọntí,
kí o sì fi gbogbo ohùn tí ọmọdé ní
kígbe.