Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Kúrò Ní Èbúté

Ní Quemchi, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè,
nínú ilé onípákó tí wọ́n fi ègé igi bò bí ìpẹ́ ẹja,
mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, inú mi ń dùn sí ara mi.
Àwọn ọlọ́kọ̀ ní ká ya ojú-ewé kan fún àwọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
kí ará erékùṣù lè mọ aago tí ọkọ̀ máa ṣí.
Mo ya ọkọ̀ pupa kan. Mo ní kó rìn.
Ó fò fìrì láti òsì dé ọ̀tún, ó dúró gírí,
bí eku tó rí ológbò.

Eduvina Barría ò bínú. Ó gbé ife tíì rẹ̀ lọ́wọ́,
ó ní, "Nahuel, dìde, wá sójú fèrèsé."
Ọkọ̀ Mechuque ń ṣí lọ́wọ́.
"Ṣé o rí i? Kò kù gììrì.
Ó ń fà tìkọ̀ tìkọ̀ bí ọmọ tí wọ́n jí láti rán níṣẹ́,
ìgbà tó yá ló tó mú eré,
bó bá sì kù díẹ̀ kó gúnlẹ̀, á tún rọra.
Ohun tó bá wúwo kì í gbéra wàrà.
Fi ìwúwo sínú kóòdù rẹ."

Mo padà. Nọ́ḿbà mẹ́rin péré ni mo yí.
Ọkọ̀ mi gbéra bí ẹni tó lẹ́rù nínú.

Òjò wá ńkọ́? Mo da igba ẹ̀kán sórí ojú-ewé náà,
gbogbo wọn gùn bákan náà, wọ́n ń já lẹ́ẹ̀kan náà
bí ọmọ-ogun. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.
"Ta ló kọ́ òjò láti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́?
Jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣẹ́ kèké fún ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan:
kí èyí yá, kí èyí pẹ́, kí èyí tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.
Ṣùgbọ́n pa ààlà fún un o. Wèrè náà lọ́nà tó ń gbà."

Lọ́sàn-án ó yọ fóònù kan,
fóònù àtijọ́, ojú rẹ̀ ti sán bí ìkòkò,
ti ìyá rẹ̀ àgbà, Clorinda.
A ṣí ojú-ewé mi níbẹ̀. A dúró.
Omi hó nínú kẹ́tùlì. A ṣì dúró.
Àwòrán òkè kan ṣoṣo ló fà á, ó wúwo ju ọkọ̀ lọ.
"Ẹni tó wà létí omi, tí òjò ń pa,
tí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín,
aago ló ń wá, kì í ṣe òkè.
Aago ni kó kọ́kọ́ dé. Kí ẹ̀ṣọ́ máa bọ̀ lẹ́yìn."
Mo fún òkè pọ̀ títí ó fi fúyẹ́.

Ó kù ọ̀kan: bí nǹkan bá ń mì lójú ẹ̀rọ, òòyì a máa kọ́ Clorinda.
Ó ti sọ fún fóònù rẹ̀ pé òun ò fẹ́ ìmìtìtì.
"Bi fóònù léèrè kó o tó jó," Eduvina ní.
"Ẹni tí òòyì ń kọ́, a kì í jó yí i ká."

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fọwọ́ ara mi ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.
Kọ́mà kan ni mo ń wá, mo pa ìdajì iṣẹ́ rẹ́,
n kò sì fi ẹ̀dà kankan pamọ́.
Mo tún un kọ títí àkùkọ fi kọ.
Èkejì dára ju ti àkọ́kọ́, kò sírọ́ ńbẹ̀,
àfi ìgbì kan, ìgbì kékeré kan lábẹ́ ìdí ọkọ̀,
tí n kò mọ bí mo ṣe ṣe é, tí n kò sì rí ṣe mọ́ títí dòní.

Láàárọ̀ mo rí Clorinda ní èbúté, nínú ẹ̀wù òjò rẹ̀.
Ó yọ fóònù. Ó wo aago.
Kò wo ọkọ̀ mi rárá.
Ó ti fóònù bọ àpò, ó sì wọ ọkọ̀ lọ.