Ife Omi Kan ní Wínípẹ́ẹ̀gì

Aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí, oṣù Ṣẹ́rẹ́.
Mo ti yí Bàbá Fríísìn padà lẹ́ẹ̀mẹta lóru yìí,
ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀yìn,
kí bẹ́ẹ̀dì má baà dá egbò sí i nídìí.
Àgbẹ̀ ni tẹ́lẹ̀. Àádọ́ta ọdún ló fi gbin àlìkámà
sórí ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ débi pé, ó ní,
bí o bá rí àlejò lókèèrè,
wàá se ọ̀dùnkún jinná kó tó kanlẹ̀kùn.

Báyìí, omi ti di ọ̀tá rẹ̀.
Rọpá-rọsẹ̀ ló bá ọ̀fun rẹ̀ jà.
Omi tó bá mu a máa ṣìnà, a gba ẹ̀dọ̀fóró lọ.
Nítorí náà a máa ń da ìyẹ̀fun kan sí i, a ó rò ó
títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu tí kò ní ṣúgà,
mo wá ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu, díẹ̀díẹ̀.
Ó gbé e mì. Ó wò mí.
"Èyí kì í ṣe omi,"
ọ̀rọ̀ náà ń wọ́ jáde ní apá kan ẹnu rẹ̀.
Kò parọ́.

Nílé wa, wọ́n máa ń ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.
Mo rò pé alájẹkì ni wọ́n fi ń bá wí.
N kò mọ̀ pé ẹnubodè wà níbẹ̀ lóòótọ́,
pé oníbodè kan wà tí kì í sùn,
tó ń ti ilẹ̀kùn èémí, tó ń ṣí ti oúnjẹ,
láti ọjọ́ tí mo ti ń mu ọmú,
tí n kò fún un ní kọ́bọ̀ rí.

Aago méje, mo bọ́ síta.
Irun imú mi di abẹ́rẹ́.
Afẹ́fẹ́ gbá mi lójú, omi lé ròrò,
ó dì mọ́ ìpéǹpéjú kó tó kán.
Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sọ mí;
níbi iṣẹ́, Rẹ́mì ni. Wọ́n ti gé ẹkún kúrò níbẹ̀.

Ní ibùdókọ̀, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò gbàṣẹ.
Tẹ́lẹ̀, inú máa ń bí mi sí i.
Lónìí mo jẹ́ kó gbọ̀n:
ẹnì kan wà nínú mi lọ́hùn-ún tó ń dáná,
tó ń fi eyín lu eyín
bí ẹni ń ṣáná sí igi tútù.
Mo ní kí n gbàdúrà. Kò wá bí mo ṣe kọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.
Ohun tó wá ni:
Olúwa, gìgísẹ̀ mi.
Olúwa, ìtọ̀ àárọ̀ yìí, kò ta mí.
Yíyán tó mú mi nínú lífíìtì, tó ran ọ̀gá nọ́ọ̀sì.

Ṣùgbọ́n mo dákẹ́.
Ṣé torí pé tirẹ̀ bàjẹ́ ni mo fi rí tèmi?
Ọpẹ́ tó gun orí ìrora ẹlòmíràn, ó ń rí mi lára.

Mo wá rántí: lẹ́yìn ṣíbí tó gbẹ̀yìn,
ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń wá èkejì.
Ọ̀tún ti kú. Ó fi ojú pè mí.
Mo fi ọwọ́ mi sínú tirẹ̀, ọwọ́ méjì pé,
ó sì gbàdúrà lédè ìyá rẹ̀.
N kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀ àfi Àmín.
Ó ti ń dúpẹ́ ṣáájú mi
lórí omi tí kì í ṣe omi.

Nílé, n kò tíì bọ́ bàtà.
Mo ṣí ẹ̀rọ, mo gba omi kún ife.
Ó tutù, kò ladùn, kò ní ìyẹ̀fun.
Mo gbé e mì.
Ilẹ̀kùn kan tì, ọ̀kan ṣí.
Mo gbọ́ ọ, kùlù,
mo ní, ẹ kú iṣẹ́ o,
ẹ kú àìsùn.
Mo tún bu òmíràn.